Apá Kan Tó Kù Lára Bùbá Ọ̀gá Mi

Ọjọ́rú, 2 Ọ́gọ́ọ̀sì 1961

Mo wọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lónìí. Aáyán ti sọ àpótí rẹ̀ di ilé, ọwọ́ tí a fi ń yí i sì ti dípẹtà. Bàbá Bọ́lájí da epo mọ́tò sí i lára, ó yí i títí ó fi gbà. Ó ní ẹ̀rọ náà tilẹ̀ sàn jù mí lọ, pé ó dákẹ́ lẹ́yìn tí òun fi epo sí i. Òun ló rà á fún mi lọ́dún tí mo bí Bọ́lájí, ìdí ṣòkòtò ọmọ nìkan ni mo sì fi ń lẹ̀ láti ọjọ́ yẹn wá.

Bọ́lájí ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé l'Ékòó, Louisa wà nílé ọkọ n'Íléṣà, Gabriel tó kẹ́yìn ti lọ sílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ láti Jánúárì. Inú ìwé tí Gabriel ò kọ tán ni mo ń kọ èyí sí. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi ń wí fún gbogbo ayé pé ọmọ ni ò jẹ́ kí n ránṣọ. Ní báyìí tí ọmọ ò sí nílé, irọ́ ti tán lẹ́nu mi.

Ẹtì, 4 Ọ́gọ́ọ̀sì

Òjò ò rọ̀, ṣùgbọ́n otútù ń mú bí ẹni pé ọyẹ́ ti dé.

Mo rí ṣọ́ọ̀bù kan nísàlẹ̀ gbọ̀ngàn Mápó, ibi tí obìnrin oníbọ́tìnnì kan ti kó jáde. Ó wù mí títí. Onílé ní kò burú, kí n ṣáà kọ́kọ́ lọ rí Madam Hilda, alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aránṣọ, nítorí kò sẹ́ni tí í gbé pátákó kọ́ lágbègbè yẹn láìjẹ́ pé ó mọ̀ sí i. Mo lọ. Madam Hilda fi téèpù kọ́rùn, ó ń gé aṣọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni: "Ta ló dá yín sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́?"

Mo ní ẹnì kankan ò dá mi sílẹ̀. Ó bi mí ta ni mo kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo ní Ìyá Màmúdù, ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ìgbà náà ló tó gbójú sókè, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ lọ pọnmi?" Mo ní èmi ni. Àṣé ìtàn mi ti di ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ iṣẹ́. Ó ní Ìyá Màmúdù ń bẹ láàyè, kí n padà lọ parí èyí tó kù, kí ìyá gbàdúrà fún mi, kí n tó wá bá òun. Sùúrù ló fi sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Àìkú, 6 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò gbọ́ ìwàásù. Ọ̀rọ̀ omi ni mo ń rò.

Ọdún 1937 ni. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí n gba òmìnira. Oyún Bọ́lájí ti pé oṣù mẹ́ta nínú mi, wọn ò tíì gbé mi níyàwó, mo sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí ọ̀gá mi yóò fi rí i. Bùbá ìkẹyìn ló wà lọ́wọ́ mi, èyí tí ọmọ iṣẹ́ ń fi ọwọ́ rán fún ọ̀gá rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ, tí ọ̀gá á wọ̀ lọ́jọ́ òmìnira kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Mo ti parí ọrùn, mo ti parí apá kan. Mo fi abẹ́rẹ́ há ara aṣọ, mo gbé garawa, mo ní mo fẹ́ lọ pọnmi. Ilé àwọn Bàbá Bọ́lájí ní Oníyanrìn ni mo gbé garawa ọ̀hún dé.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń lọ sí Ọjà'ba, mo máa ń yí gba Bẹẹrẹ kí n má baà gba Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá. Mi ò ránṣẹ́, mi ò bẹ̀bẹ̀, mi ò gbé ọmọ lọ fi hàn án. Mo ti wá di àgbà báyìí, mo sì rí i pé ìkúnlẹ̀ ìṣẹ́jú kan péré ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélógún sá fún.

Ajé, 7 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dé oríta Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú tí mo padà. Lẹ́ẹ̀kẹrin, obìnrin olóbì tó ń wò mí bi mí bóyá nǹkan mi ló sọnù. Mo ra obì lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà bi mí mọ́, mo sì wọlé.

Ọ̀gá mi jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tí gbogbo wa máa ń gbọ̀n bó bá wúkọ́ lásán, ó ti rù, ojú rẹ̀ kan ti funfun, èkejì ń ríran díẹ̀. Màmúdù ọmọ rẹ̀, tó ń ta irin ìkọ́lé, ló sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un. Mo kúnlẹ̀. Ó na ọwọ́, ó fi wá ojú mi, ó fi kan etí mi, ó ní, "Morádéyọ̀, omi dà?"

Ẹkún tí mo sun, mi ò sun irú rẹ̀ nígbà tí ìyá mi kú. Kò ní kí n dákẹ́. Nígbà tí mo dákẹ́ fúnra mi, ó ní kí Ìyábọ̀, ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù lọ́dọ̀ rẹ̀, gbé àpótí òun wá. Bùbá náà wà nísàlẹ̀ pátápátá. Funfun rẹ̀ ti pọ́n bí eyín àgbà. Abẹ́rẹ́ mi ṣì há síbẹ̀, ó ti dípẹtà mọ́ aṣọ. Ọ̀gá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù fún mi, òun ò sì ní dín ọjọ́ kan níbẹ̀. Kí n wá gbálẹ̀ lọ́la.

Ọjọ́bọ̀, 10 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Ìyábọ̀. Gabriel mi fi ọdún méjì jù ú lọ. Nígbà tó rí mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kò bójú mu kí ẹni tó tó ìyá òun máa gbálẹ̀ kí òun máa wò. Ọ̀gá gbọ́ wa láti inú yàrá. Ó bèèrè pé nínú àwa méjèèjì, ta ni kò sá lọ rí. Ó ní Ìyábọ̀ ni ẹ̀gbọ́n lẹ́nu iṣẹ́, pé bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Mo gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbá ojúde. Àwọn ará ilé òdìkejì jáde wá wòran. Àwọn ọmọbìnrin méjì kan fi ìborùn bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ìyá wọn, mo sì mọ ohun tí ìyá wọn ṣe lọ́dún tí wọ́n la ọ̀nà tuntun, ṣùgbọ́n mo gbá ilẹ̀ mi lọ.

Ọjọ́rú, 16 Ọ́gọ́ọ̀sì

Mo tú ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ojú mi ò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, Ìyábọ̀ ló ń bá mi ti òwú bọ̀ ọ́. Ọwọ́ mi ṣì mọ ọ̀nà, ó kàn ń pẹ́ kó tó dé.

Àbùkù mi àtijọ́ náà ò tíì kúrò lára mi: mo máa ń gbàgbé láti ta kókó sí ìdí òwú. Bí mo bá fà á báyìí, gbogbo ojú rírán á tú tẹ̀ lé mi. Ọ̀gá ò ríran tó, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń gbọ́ òwú tó ń yọ gbọọrọ. Ó ní, "O ò ta kókó." Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́dún 1936 nìyẹn, ohùn kan náà. Lẹ́yìn náà ló ní iṣẹ́ tí kò ní kókó dà bí ẹni tó lọ láìdágbére. Mo mọ ẹni tó ń bá wí.

Gíláàsì ojú l'Ọ́jà'ba, ṣílè mẹ́tàlá. Kí n máa lo ojú Ìyábọ̀ ná.

Ẹtì, 25 Ọ́gọ́ọ̀sì

Ọ̀gá jẹ ẹ̀kọ tí mo rà. Kò jẹ ohun tí mo rà rí láti ọjọ́ tí mo ti dé.

Àbámẹ́ta, 2 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òjò ti padà dé, ó sì bá ìjà dé. Òrùlé ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì tí Louisa ń sùn sí nígbà kan. Èmi àti Bàbá Bọ́lájí ń gbé abọ́ sábẹ́ ojú ibi tó ń jò nígbà tó sọ pé òun ló jẹ̀bi, pé ká ní òun fúnra òun lọ bẹ Ìyá Màmúdù nígbà náà, ìyá ì bá ti dárí jì wá. Mo ní kó fi ẹ̀bi mi sílẹ̀ fún mi.

Ohun tí mi ò sọ fún un ni ti Louisa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tó bẹ̀ mí pé kí n rán aṣọ Kérésìmesì fún òun, pé àwọn ìyá ọ̀rẹ́ òun ò ní ẹ̀rọ, mo sì ní. Mo ní mi ò ráyè. Mo ráyè. Mo gbé aṣọ náà fún aránṣọ kan ní Bẹyẹrúnkà, ọmọ wọ̀ ọ́, ó tún kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìgbàkígbà tí mo bá jókòó ti ẹ̀rọ yẹn, ohùn ọ̀gá mi ni mo máa ń gbọ́, ìyẹn ni mo ṣe tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ kọ́ ló dí mi lọ́wọ́. Mo dá àwọn ọmọ mi lẹ́bi kiri ìlú, wọn ò sì mọ̀.

Ọjọ́rú, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo so apá kejì mọ́ bùbá, mo ní kí ọ̀gá dán an wò. Ó wọ̀ ọ́, ó rì sínú rẹ̀. Ìwọ̀n ọdún 1937 ni mo gé apá náà sí, nítorí ara ìgbà yẹn ló ṣì wà lójú mi. Téèpù wà lọ́rùn mi, mi ò rántí láti wọn obìnrin tó jókòó síwájú mi. Mo fẹ́ tú u, ó kọ̀. Ó ní, "Jẹ́ kó fẹ̀. Mo sanra rí." Ìyábọ̀ rẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ni èmi náà bá rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn báyìí kẹ́yìn.

Ata ti gbówó lórí l'Ọ́jà'ba. Ọbẹ̀ ilé wa funfun lálẹ́ yìí, Bàbá Bọ́lájí jẹ ẹ́ láìwí nǹkan kan.

Ajé, 18 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé lónìí. Mo parí bùbá. Ọ̀gá fi ìka tẹ̀ lé ojú rírán láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, ó ń ka kókó lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ka tẹ̀súbáà. Kò rí ibi tó fò. Ó ní ó dáa. Láti ọdún 1934 tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ "ó dáa" lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí lòun máa dá èmi àti Ìyábọ̀ sílẹ̀ pọ̀, kí a mú obì, oyin àti omi tútù wá, ó tán.

Ó yẹ kí n dúpẹ́ kí n sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Bọ́lájí wà nínú àpò mi, ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ keje oṣù Ọ̀kìtóbà, òun sì ti ra kámẹ́rà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé àwọn tó rí mi pẹ̀lú ìgbálẹ̀, kí wọ́n wá rí mi pẹ̀lú aṣọ tuntun, kí Madam Hilda jókòó síwájú. Mo bẹ ọ̀gá pé kó fi tèmi sí ọjọ́ keje. Ó ní, "Èmi ni yóò dá ọ sílẹ̀ ni, àbí kámẹ́rà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ọmọ mi ni, mo fẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní kò burú, ìgbà tí mo bá ṣetán náà ni. Ó ká bùbá, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìyábọ̀ gba òmìnira lónìí. Àwa márùn-ún péré la wà níbẹ̀, òjò ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọ̀gá wọ bùbá aláwọ̀ ewé tí Ìyábọ̀ rán. Ìyábọ̀ kúnlẹ̀ sórí ẹní, ọ̀gá fi oyin kàn án lẹ́nu, ó fi àlùmọ́gàjí lé e lọ́wọ́, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ní, "Kí ọ̀nà okùn tó dí, abẹ́rẹ́ rẹ á ti lọ. Mo dá ọ sílẹ̀." Kò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni mo gbé àwo obì dání. Àyè kan ṣófo lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyábọ̀, ó tó kí ènìyàn kan kúnlẹ̀ sí. Ọ̀gá kọjú sí apá ọ̀dọ̀ mi fún ìgbà díẹ̀, bóyá ó ń rí mi, bóyá kò rí mi. Mi ò gbé àwo sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 28 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo ń rán aṣọ tí n ó wọ̀ lọ́jọ́ keje. Àǹkárá aláró ni, ó dára, mo sì mọ̀ pé ó dára.

Ọ̀gá ń wúkọ́. Màmúdù ní otútù òjò ni. Mo gbé ọbẹ̀ gbígbóná lọ fún un, ṣíbí méjì ló mu. Ó wá sí mi lẹ́nu láti sọ pé kó dá mi sílẹ̀ lónìí, níbi tó sùn sí yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti ránṣẹ́ sí Madam Hilda, mo ti sọ fún wọn ní ìjọ, mo ti ní kí wọ́n bá mi yá àga. Mo ní ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù.

Ìṣẹ́gun, 3 Ọ̀kìtóbà

Ọ̀gá mi kú láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn ìrun àsùbáà.

Ìyábọ̀ ló sáré wá sọ fún mi, kò wọ bàtà. Nígbà tí a dé Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn obìnrin ti ń wẹ̀ ẹ́. Wọn ò fẹ́ kí ọ̀sán pọ́n kí wọ́n tó sin ín. Aṣọ funfun ti wà nílẹ̀, wọ́n ti gé e, ó ku kí wọ́n rán an. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ fún Ìyábọ̀, ó ní òun ò lè rán an. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rán an. Ẹnì kan ní onígbàgbọ́ ni mí. Màmúdù ní ọmọ iṣẹ́ ìyá òun ni mí, kí wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́.

Ìyábọ̀ bá mi ti òwú bọ̀ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí mo rántí. Mo ti ń fi ìka ta kókó nígbà tí Ìyá Sìdí, àgbà nínú àwọn tó wẹ òkú, di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Nílé yìí a kì í ta kókó sí i. Ẹni tó ń lọ, a kì í dè é."

Mo tú u. Mo rán an gbọọrọ láìsí kókó láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sì tú. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń rán an, etí mi wà lẹ́yìn, mo ń retí kí ọ̀gá sọ fún mi pé mi ò ta kókó.

Bùbá wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ níbi tó fi í sí. Aṣọ kan ṣoṣo tí mo rán tí ọ̀gá mi wọ̀ jáde nílé ni èyí tí mo rán lónìí. Mo fi ọwọ́ ara mi gbé ọjọ́ òmìnira mi síwájú nítorí àwòrán. Kò sí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi.

Àbámẹ́ta, 7 Ọ̀kìtóbà

Bọ́lájí dé láàárọ̀, kámẹ́rà lọ́rùn rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Lẹ́tà tí mo fi sọ fún un pé ọ̀gá kú ò bá a. Mo sọ fún un lójú ọ̀nà. Ó yọ kámẹ́rà lọ́rùn, ó fi í sínú àpò, ó bá mi jókòó sórí àga tí mo yá.

Madam Hilda wá lọ́sàn-án, nítorí a ti pè é, ó sì ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ó ní òun gbọ́ pé mo parí iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ ni òmìnira, ẹnu ọ̀gá ni. Bí ọ̀gá bá kú, ẹni tó dá sílẹ̀ kẹ́yìn ló ń jogún ọmọ iṣẹ́ tó kù nílé. Ìyábọ̀ nìyẹn. Ìyábọ̀ sì gbọ́dọ̀ lo ọdún kan gbáko ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó lè lé ẹnikẹ́ni lórí. Ìyábọ̀ wà níbẹ̀, ó ń sunkún, ó ní òun ò lè pàṣẹ fún ẹni tó bí irú òun. Bàbá Bọ́lájí bi mí nígbà tí wọ́n lọ tán bóyá mo máa lọ sọ́dọ̀ Ìyábọ̀. Mo ní mo ti sá lẹ́ẹ̀kan, mo ti rí ibi tó gbé mi dé.

Màmúdù fi bùbá ránṣẹ́ sí mi. Mo fi í sínú àpótí ẹ̀rọ, mo sì fi kàǹfọ̀ sí i nítorí aáyán.

Ajé, 9 Ọ̀kìtóbà

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi dé Bẹẹrẹ. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni Màmúdù bá Ìyábọ̀ gbà níbẹ̀, ilẹ̀kùn kan, fèrèsé kan. Mo gbá a. Mo gbé garawa, mo lọ sí ẹ̀rọ omi, àwọn ènìyàn pọ̀ níbẹ̀, mo dúró títí ó fi kàn mí. Mo gbé omi náà padà, ó kún, mo gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyábọ̀ wò ó, ó wò mí, ó wọlé kíákíá bí ẹni pé nǹkan kó sí i lójú.

Nǹkan bí agogo mẹ́wàá ni oníbàárà àkọ́kọ́ dé, ó fẹ́ kí a bá òun ṣẹ́ etí gèlè. Ìyábọ̀ ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán an. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan, òwú yọ gbọọrọ, gbogbo ìlà tú sí mi lọ́wọ́.

Ìyábọ̀ ò gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ. Ó rọ ohùn rẹ̀ wálẹ̀ kí oníbàárà má baà gbọ́.

"Màámi, ẹ ò ta kókó."

Mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá."